Ẹ Dán Bíréèkì Wò Ná

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi cruise control, ẹ̀rọ tó ń mú kí eré ọkọ̀ dúró lójú kan, sí alùpùpù ìrìn àjò, ẹ kì í kàn so kébù rẹ̀ mọ́ tọ́rọ́tù tán kí ẹ sáré bọ́ sí òpópónà márosẹ̀. Ó tì o. Ẹ gbé alùpùpù náà sórí sítáńdì, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún dópin, ẹ yí i sósì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ròkè, kébù ti le jù. Ẹ dẹ̀ ẹ́.

Bíréèkì ló ń já cruise control náà sílẹ̀, ẹ dán ti ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ti fi LED ṣe iná bíréèkì ẹ̀yìn, kó fi rílè sí i: inú gílóòbù àtijọ́ ni iná ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gbà kọjá, láìsí irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, wọn kì í dáhùn. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má tan cruise control rárá.