Ẹ̀bà Kò Dùn Bíi Ṣúgà, Ṣùgbọ́n Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ní àtọ̀gbẹ máa ń sọ pé, "Èmi ò kì í fi ṣúgà sí tíì mọ́." Ó dáa. Ẹ̀bà alẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká jọ dán an wò nílé, tàwa tọmọ.

Sítáàṣì. Ẹ ra àyódíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú ọgbẹ́ ní Apotheke, kí ẹ fi omi là á. Ẹ bu ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì, ẹ̀wà sísè, funfun ẹyin àti ṣúgà díẹ̀díẹ̀ sórí àwo funfun, kí ẹ kán an sí wọn. Èyí tó bá dúdú bí aró ní sítáàṣì nínú. Ẹyin àti ṣúgà ò ní dúdú. Ẹ tún fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dán an wò: èyí tó ti pọ́n rọ̀ kì í dúdú tó èyí tí kò tíì pọ́n, torí pé sítáàṣì rẹ̀ ti di ṣúgà. Ẹ má jẹ oúnjẹ tí ẹ kán nǹkan sí o. Ẹ dà á nù.

Ṣúgà. Ẹ jẹ búrẹ́dì mìíràn lẹ́nu fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó gbé e mì. Á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Itọ́ ló ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Ìfun á parí iṣẹ́ náà, ṣúgà á sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ẹ̀bà ń ṣe nìyẹn. Ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ lè lo omi búlúù tí Hermann von Fehling, ará Jámánì, ṣe ní 1849: bí wọ́n bá sè é pẹ̀lú glucose, á pọ́n bíi bíríkì. Ó lè jó ara, ẹ má ṣe é nílé.

Púrótíìnì. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú mílíìkì gbígbóná. Ohun tó dì bíi wàrà yẹn, púrótíìnì ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá wá lọ sọ́jà, ẹ wo ẹ̀yìn páálí. Nínú 100 g ìrẹsì funfun tí a kò tíì sè, "Kohlenhydrate" máa ń tó bíi 78 g, "davon Zucker" kì í sábà tó 1 g. Ìlà kejì yẹn nìkan lọ̀pọ̀ wa ń wò! Ìlà àkọ́kọ́ ni kí alátọ̀gbẹ kọ́kọ́ wò, torí sítáàṣì wà nínú rẹ̀. "Eiweiß" ni púrótíìnì.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ̀bà mọ́. Ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí abẹ́rẹ́ insulin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá Hausarzt rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí bí oúnjẹ bá dín kù lójijì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, ìyẹn náà sì léwu.