“Kò Ṣíná” àbí “Kì í Ṣíná”? Èdè Ẹni Tó Ní Ìjàpá Nílé

Ọkọ̀ tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní ṣíná mọ́ kì í fún mẹkáníìkì ní wàhálà púpọ̀. Àìsàn rẹ̀ wà níbẹ̀, kò lọ síbì kan. Èyí tó ń da orí rú ni èyí tó ṣíná láàárọ̀, tó kọ̀ lọ́sàn-án, tó sì tún ṣíná wẹ́rẹ́ nígbà tí mẹkáníìkì dé, bí ẹni pé olówó ọkọ̀ ń purọ́ mọ́ ọn. Àwọn Volkswagen Beetle àtijọ́ tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá mọ àrà yìí í dá dáadáa. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, nígbà náà. Àwọn tó kù lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn wọn dénú ni wọ́n wà. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdajì ìwádìí irú àìsàn yìí, ẹnu ẹni tó ni ọkọ̀ ló wà. Bí ìròyìn bá wọ́, iṣẹ́ á wọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé gbólóhùn kan yẹ̀ wò. “Ọkọ̀ mi kò ṣíná.” Ọ̀rọ̀ ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn: ó kọ̀ nísinsìnyí, tàbí ó kọ̀ láàárọ̀ yìí. “Ọkọ̀ mi kì í ṣíná” burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣe rẹ̀ ni. Kò sí ọjọ́ tó ń ṣíná. Ẹni tó bá sọ èyí nípa ọkọ̀ tó fúnra rẹ̀ wa dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ti tako ara rẹ̀. “Kì í tètè ṣíná” tún yàtọ̀: á ṣíná, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Èyí tó bá ọ̀rọ̀ wa mu ni “ó máa ń kọ̀ nígbà mìíràn”, ẹ má sì jẹ́ kí “ń” inú rẹ̀ já bọ́ o. “Ó máa kọ̀” jẹ́ ti ọ̀la; àsọtẹ́lẹ̀ ni. “Ó máa ń kọ̀” ni ìròyìn ohun tó mọ́ ọn lára. Àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ á kọ ọ́ pé “a máa kọ̀”, èyí tó ṣì dára gan-an, ṣùgbọ́n “a” ibẹ̀ kì í ṣe èmi àti ẹ̀yin. Ọkọ̀ náà ni.

Bó bá jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ kó tó tún kọ̀, “lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan” ni kí a wí, kì í ṣe “lọ́kọ̀ọ̀kan”. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ló wà lára ẹ́ńjìnnì Ìjàpá: lọ́kọ̀ọ̀kan la ń yọ wọ́n wò, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ń yọni lẹ́nu. Bó bá ti wá di ojoojúmọ́, ó ti kúrò ní lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn, ó ti di lemọ́lemọ́.

Iná gan-an ńkọ́? Ẹlòmíràn á ní ọkọ̀ òun “kọ̀, kò gbiná”. Ọpẹ́ ni kó máa dú! Ọkọ̀ tó bá gbiná, àwọn panápaná là ń ké sí. Ọkọ̀ ń ṣíná. Bí a bá sì dé ibi tí à ń lọ, a ó paná rẹ̀. “Ó ṣáná sí ọkọ̀” náà wà nínú ìwé, n kò sì ní pè é ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n ara ṣíṣá iná ni a ti rí ìṣáná tí a fi ń dáná. Èmi á kúkú fi “ṣáná” sílẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì, nítorí òun gan-an ló ń ṣá a nínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan tún máa ń pa á lówe fún ọkọ̀ tó ń yọni lẹ́nu pé bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná. Ó bá a mu, nítorí ẹni tí kò mú orísun àìsàn kúrò á máa náwó lọ ni. Kí a kàn rántí pé iná inú òwe yẹn kì í ṣe iná bátìrì. Kòkòrò tó ń gbé inú aṣọ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni pé “kò ṣíná” bo àìsàn tó ju ẹyọ kan lọ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ni etí yín gbọ́? Ó lè dákẹ́ lọ gbári. Ó lè dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan, kó sì dákẹ́. Kíkì, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè ṣíná, sì lè máa yí fìrìfìrì, kí ẹ́ńjìnnì má dáhùn. Ẹni tó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní “kò ṣíná” ti da àìsàn orí pọ̀ mọ́ ti inú.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ kọjú sí ògiri nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ẹ tan iná iwájú, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná ara ògiri bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, agbára bátìrì ti lọ, tàbí orí rẹ̀ ti hu ìdọ̀tí funfun, tàbí kíkì fúnra rẹ̀ ti há. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà, ohun tí ojú kò sì rí, a máa ń gbàgbé láti fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní mítà lè fi wò ó: bátìrì fólítì 12 tó kún dáadáa máa ń tó fólítì 12.6 nígbà tó bá ń sinmi. Bí iye yẹn bá já wálẹ̀ ju 9.6 lọ nígbà tí kíkì ń yí, ó ti ń rẹ bátìrì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí iná ògiri kò bá yí padà rárá, tí kíkì sì dákẹ́, ẹ má fẹ̀sùn kan bátìrì. Iná kò dé ọ̀dọ̀ kíkì ni. Ẹ̀yìn ni bátìrì àti kíkì Ìjàpá wà, iwájú ni kọ́kọ́rọ́ wà. Iná tó ń pàṣẹ fún kíkì ní láti rin ìrìn àjò lọ síwájú kó tó padà sẹ́yìn. Gbogbo oríkèé wáyà tó bá kọjá ló ń gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kọ́ìlì tó ń ti kíkì jáde náà á gbóná, ìwọ̀nba iná tó dé ibẹ̀ kò sì ní tó o mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ Ìjàpá fi ń kọ̀ níwájú ilé epo, tí wọ́n á sì ṣíná lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀. Riwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, tó bá mọṣẹ́ á fi rílè kan, tó ń fún kíkì ní iná tààrà láti bátìrì, sẹ́bàá kíkì, kí iná má baà rìn jìnnà mọ́.

Wáyà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí, wáyà fẹ̀ǹfẹ̀ tó so gíá mọ́ ara ọkọ̀. Orí rọ́bà ni gíá Ìjàpá jókòó sí, rọ́bà kì í sì í gbé iná kọjá. Wáyà yẹn ni iná ń gbà padà. Bó bá ti dípẹtà, lónìí á fara kan ara ọkọ̀ dáadáa, lọ́la kò ní fara kàn án.

Bó bá jẹ́ pé kíkì ń yí dáadáa, tí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́, ọ̀ràn náà ti kúrò ní ti bátìrì. Ẹ wo kọ́ńtáàtì tó ń mú kí púlọ́ọ̀gì ṣáná, tí àlàfo rẹ̀ yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 0.4 mìlímítà, kí ẹ tó wo kábúrétọ̀ àti epo.

Ẹni tí Ìjàpá rẹ̀ ṣíná nílé tó kọ̀ lọ́jà máa ń fẹ́ wí pé “àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀.” Ó dùn létí, kò bá a mu. Ahun jalè lóko àna rẹ̀, àna dè é mọ́gi lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó ń lọ sọ́jà bá ahun wí; nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lálẹ́ tí wọ́n rí i pé wọn kò tíì tú u sílẹ̀, àna ni wọ́n dá lẹ́bi. Ẹ̀bi tó ṣí kúrò lọ́rùn ẹnìkan bọ́ sọ́rùn ẹlòmíràn ni òwe náà ń wí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún riwáyà tó so wáyà láìmọ́ra àti olówó ọkọ̀ tó rí i tó sì ń wò ó níran láti ọdún tó kọjá.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ wí báyìí: “Ọ̀gá, ó máa ń kọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí mo bá ti rìn jìnnà tí mo sì paná rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, kò ní dún rárá, ṣùgbọ́n iná iwájú á tàn kedere. Bó bá tutù tán, á ṣíná.” Mẹkáníìkì tó bá gbọ́ gbogbo èyí tó ṣì ní kí ẹ lọ ra bátìrì tuntun, ẹ wá ẹlòmíràn.