Kẹ́místírì àwọn ohun-èlò: kí ni à ń kọ́ gan-an lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́?

Àwọn àbúrò mi tó ń ka kẹ́místírì ní yunifásítì máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún ń kà? Ṣé kẹ́místírì ò tíì tán ni?" Kò tíì tán o. Ẹ̀ka tí èmi wà ni wọ́n ń pè ní materials chemistry, ìyẹn kẹ́místírì àwọn ohun-èlò. Lónìí, mo fẹ́ fi bátìrì inverter ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe níbẹ̀, kí ẹni tó bá ń ronú Masters tàbí PhD lè mọ ohun tó fẹ́ ná owó àti ọdún rẹ̀ lé lórí.

Amọ̀ kan náà, iná ló yà á sọ́tọ̀

Ẹ wo odi ilé alámọ̀. Bí òjò bá ń lù ú lọ́dọọdún, á máa yìnrìn. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì sun níná, inú rẹ̀ la ń pọn omi sí, kò sì ní yọ́. Iná ti lé omi tó so mọ́ amọ̀ náà jáde, ó sì ti tún àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò. Bí ètò inú ṣe yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ìwà rẹ̀ yí padà.

Orí nǹkan mẹ́ta yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa dúró lé: bí a ṣe ṣe ohun-èlò, bí átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ṣe tò, àti iṣẹ́ tó lè ṣe. Ní dìgírì àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ́ wa. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ tiwa ni láti so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ká sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ó yá, ká ṣe ìṣirò

Ọ̀pọ̀ bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà fún inverter ni wọ́n kọ LiFePO₄ sí lára. Orúkọ ohun tó wà ní apá pọ́sítíìfù rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá ń ṣáàjì, lítíọ́ọ̀mù á máa kúrò níbẹ̀ lọ sí apá kejì. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí a wá ń lo bátìrì, lítíọ́ọ̀mù á máa padà sílé, ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù á sì gba inú wáyà kọjá láti tan gílóòbù wa.

Báwo la ṣe mọ iye iná tí gíráàmù kan lè gbé? Ẹ mú bíírò. Ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù móòlù kan ń gbé 96,485 coulomb. Coulomb 3.6 ló wà nínú mAh kan, nítorí náà 96,485 ÷ 3.6 jẹ́ 26,801 mAh. Móòlù LiFePO₄ kan wúwo tó gíráàmù 157.8. Ẹ pín in: bíi 170 mAh fún gíráàmù kan.

Ẹ wá wo LiCoO₂, ohun-èlò tó ní kóbáltì, tí John Goodenough àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Oxford gbé jáde ní 1980. Móòlù rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 97.9, ó sì fún wa ní 274. Lórí ìwé, kóbáltì ti borí. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ lítíọ́ọ̀mù rẹ̀ ju bí ìdajì lọ, ètò inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọ́síjìn á sì fẹ́ sá jáde. Nǹkan bíi 140 péré la sábà máa ń rí lò. LiFePO₄ ní tirẹ̀ lè yọ̀ǹda lítíọ́ọ̀mù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì di ọ́síjìn mẹ́rin mẹ́rin mú gírígírí. Ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè gbiná. Fóltéèjì rẹ̀ kéré díẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì wúwo jù, àmọ́ ta ló ń gbé bátìrì ilé sápò?

Ẹgbẹ́ Goodenough kan náà ló gbé LiFePO₄ jáde ní 1997, ní Yunifásítì Texas ní Austin. Ní 2019, òun, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel lórí bátìrì lítíọ́ọ̀mù.

Ìṣòro kan wà: ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kì í rìn dáadáa nínú LiFePO₄. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a lọ̀ ọ́ kúnná, kí a sì fi kábọ́ọ̀nù bò ó. Ṣúgà lásán ni ọ̀pọ̀ ń pò mọ́ ọn, tí wọ́n á sè é nínú ààrò tí kò ní ọ́síjìn títí ṣúgà á fi di èédú. Bí ọ́síjìn bá wọlé, irin inú rẹ̀ á yí padà bí irin tó dípẹtà, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ṣé ohun tí mo sè gan-an nìyí?

Ìbéèrè yìí ló ń gba àkókò mi jù. Ìyẹ̀fun dúdú ló ń jáde nínú ààrò, ojú lásán ò sì lè mọ̀ bóyá LiFePO₄ ni. X-ray la máa ń tàn sí i. Bí àwọn àgbà ṣe ń fi ilà ojú mọ ìlú tí èèyàn ti wá, bẹ́ẹ̀ ni kírísítà kọ̀ọ̀kan ní ilà tirẹ̀ lórí àwòrán X-ray. Bí a bá rí ilà àjèjì kan, ohun mìíràn ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. William Bragg àti ọmọ rẹ̀ Lawrence ló fi ọ̀nà kíka ilà yìí lélẹ̀, wọ́n sì jọ gba Nobel ní 1915, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún 25.

Lẹ́yìn náà la máa ń fi ṣe bátìrì kékeré bíi ti aago ọwọ́, ká ṣáàjì rẹ̀, ká lò ó, lọ́pọ̀ ìgbà, ká wo bóyá yóò sún mọ́ 170 yẹn, àti bóyá kò ní rẹ̀ ẹ́. Bí a bá fara balẹ̀ tú èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù kíka ilà, ẹ̀ka yìí á sú u.

Bí ẹ bá fẹ́ wọlé

Ẹ má wo orúkọ yunifásítì nìkan. Ẹ bi ọ̀gá tí ẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́ pé: ẹ̀rọ X-ray wo ló wà níbẹ̀, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ lò ó, báwo ni ìlà àwọn tó ń dúró dè é ṣe gùn tó? Mo mọ àwọn tó ń fi ìyẹ̀fun ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, tí wọ́n á sì dúró lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n sè.

Ẹ ro ọ̀rọ̀ owó náà. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń san owó ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ PhD kẹ́místírì, tí á tún máa fún un lówó oṣù nítorí iṣẹ́ olùkọ́ tàbí ìwádìí tó ń ṣe. Masters ọdún kan ní UK, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń sanwó rẹ̀, àyàfi bó bá rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní Yúróòpù, ẹ yẹ Erasmus Mundus wò. Ètò MESC+ tó wà lábẹ́ rẹ̀ dá lórí ohun-èlò agbára bíi bátìrì.

Ẹ má sì dúró dìgbà tí wọ́n bá gbà yín wọlé. VESTA jẹ́ sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tó ń fi ètò átọ́ọ̀mù hàn. Ẹ gbé fáìlì LiFePO₄ láti inú Crystallography Open Database, ọ̀fẹ́ lòun náà, kí ẹ ṣí i, kí ẹ sì wá ibi tí lítíọ́ọ̀mù ń gbà kọjá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: móòlù LiMn₂O₄ jẹ́ gíráàmù 180.8, lítíọ́ọ̀mù kan ló sì ní. mAh mélòó ni gíráàmù kan rẹ̀ lè gbé? Bí ẹ bá rí bíi 148, ó ti yé yín.