Bárò Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Lójú Ọ̀nà

Ní ọjà Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré ní Èkìtì, bárò ni ẹsẹ̀ ẹrù. Iṣu tí ọkọ̀ já sílẹ̀ létí títì, bárò ló ń gbé e wọ ọjà. Sìmẹ́ńtì, àpò gàrí àti kẹ́ẹ̀gì omi, orí bárò tàbí ọmọlanke ni wọ́n ń gùn. Ṣùgbọ́n bí irin rẹ̀ bá ṣẹ́, ẹni tó ń tì í lè fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Bó bá ṣubú sínú gọ́tà, ọ̀rá àti ewé á há sí i lára. Tí òjò bá dé, omi ò ní ríbi gbà, á sì ya wọ ìsọ̀ àwọn aláta. Ta ló yẹ kó gbé e kúrò?

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti dáhùn. Nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì dárúkọ bárò níbẹ̀ gan-an. Ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa fún bárò àti ọmọlanke ní láísẹ́ńsì. Òun náà ni òfin gbé ọjà, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí lé lọ́wọ́. Òfin owó orí ti ọdún 1998 sì gbà á láyè láti gba owó lórí bárò. Lójú tèmi, ẹni tó ń gba owó lórí bárò tó ń rìn kò gbọ́dọ̀ mójú kúrò lára èyí tó kú sójú ọ̀nà.

Ṣé ẹnikẹ́ni wá lè sọ bárò bẹ́ẹ̀ di tirẹ̀? Rárá o. Pé a kò rí olóhun nítòsí kò ní kó má ní olóhun. Nínú àṣà wa, ẹni tó bá ṣẹ́gi ìdáná jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko, tí kò lè rù ú tán lọ́jọ́ kan, á fi ààlè sí i: àkísà, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo tàbí bàtà tó ti gbó. Ẹni tó ń kọjá á rí i, á sì mọ̀ pé olóhun ń bọ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba òyìnbó gbé kalẹ̀ ní 1916 náà sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a rí he. Ẹni tó mú un kò jalè bí kò bá mọ olóhun, tó sì ní ìdí gidi láti gbà pé a kò lè rí olóhun náà. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá wà lára bárò ńkọ́? Ẹni tó bá tà á fún àwọn onírin àlòkù ti kó sí wàhálà. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀dà kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sára bárò yín.

Ní ìlú òyìnbó, kẹ̀kẹ́ tí oníbàárà fi ń kó ọjà nínú ilé ìtajà ńlá ni wọ́n sábà máa ń jù sójú ọ̀nà.  Òfin àyíká tí wọ́n ṣe ní Bìrìtéènì ní 1990 gba ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti kó wọn. Kí ọjọ́ 14 tó pé lẹ́yìn tí wọ́n bá kó kẹ̀kẹ́ kan, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ẹni tó jọ pé òun ló ni ín. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, lẹ́yìn náà wọ́n lè tà á. Olóhun tó bá fẹ́ gbà á padà á san owó tí wọ́n ná lé e.

Irú sùúrù yẹn wù mí fún ìlú wa. Ọ̀pọ̀ alábárò ló ń yá bárò lójúmọ́, ẹni tó fi í sílẹ̀ lè má jẹ́ olóhun. Kí Ìyálọ́jà kéde rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kí ẹnikẹ́ni tó tà á. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló lè sọ èyí di òfin ìbílẹ̀. Ẹ bi ti wọ́ọ̀dù yín.

Bí ẹ bá rí bárò tó dí ọ̀nà, ẹ lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ béèrè wọlé-wọlé. Ìkẹ́rẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, Èmùré ní tirẹ̀, Ìsẹ̀ àti Ọ̀rún jọ ní ẹyọ kan. Ẹ sọ ibi tó wà, ìgbà tó ti wà níbẹ̀ àti àmì tó wà lára rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò, ẹ gba orúkọ ẹni tó kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀.