Bí A Ṣe Ń Gbé Mọ́nítọ̀ Kọ̀ǹpútà Sórí Apá Irin

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, owó àjọ ni a fi ra mọ́nítọ̀ ọ́fíìsì wa, ẹ jẹ́ ká ṣe é jẹ́jẹ́. Ẹ dojú rẹ̀ dé orí aṣọ rírọ̀. Ihò mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn ihò kan sí èkejì. Mìlímítà 75 tàbí 100 ló sábà máa ń jẹ́, apá irin tí ẹ ó rà sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Sukúrù M4 ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Ibi tó léwu nìyí o: sukúrù tó bá gùn jù lè gún inú mọ́nítọ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i. Bó bá ti ń le kó tó wọlé tán, ẹ dúró, ẹ wá èyí tó kúrú. Kí etí òkè mọ́nítọ̀ bá ojú yín dọ́gba, kó sì jìnnà tó apá nínà kan. A gbé tiwa ga jù níbẹ̀rẹ̀, ọrùn ń dun akọ̀wé wa títí a fi fà á wálẹ̀.