Àbúrò Mi, Kí O Tó Sọ́dà Kíbọ́ọ̀dù Yẹn

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ti ń tọ́jú owó láti to kíbọ́ọ̀dù Bluetooth fúnra rẹ. Inú mi dùn débi pé mi ò lè dákẹ́. Sún mọ́ mi, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí, kí o má baà fi owó tìrẹ kọ́ ohun tí mo ti fi tèmi kọ́.

O mọ ìdí tí èmi fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú, oríkì ìdílé tí wọ́n fẹ́ fi sábẹ́ fọ́tò bàbá wọn. Ìyá àgbà kan láti agboolé tí kò jìnnà sí Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, orúkọ ààfin wa kò lámì kankan lórí. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n pè lẹ́yìn wa?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo mọ àmì ọ̀rọ̀, kíbọ́ọ̀dù tí mò ń lò ni kò gbà mí láyè. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé n óò ṣe èyí tí yóò gbọ́ Yorùbá.

Jẹ́ ká ti inú bẹ̀rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kékeré lè ní bọ́tìnì 60, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù tó ń darí rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ 60 tí o lè so waya mọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí a to bọ́tìnì bí ẹbè oko: ìlà 5 ní ìbú, ìlà 12 ní òòró. Ẹsẹ̀ 17 péré ti tó. Chip tó wà lórí bọ́ọ̀dù náà á máa rán iná díẹ̀ sí ìlà kan tẹ̀lé ìkejì, lọ́pọ̀ ìgbà kí o tó ṣẹ́jú, á sì máa wo ibi tí iná náà ti yọ. Bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní dáyóòdù kan, 1N4148 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, kí iná má baà gba ẹ̀yìn padà. Bí kò bá sí i, tí o bá tẹ bọ́tìnì mẹ́ta pọ̀, lẹ́tà kẹrin tí o kò fọwọ́ kàn lè yọ lójú kọ̀ǹpútà. Wo ìlà dúdú ara dáyóòdù dáadáa, kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Mọ́kànlá ni mo dà rú ní òru ọjọ́ kan tí oorun ń kùn mí. Ojú ọ̀sán ni kí o máa sọ́dà, ìyẹn fífi irin yíyọ́ lẹ̀ wọ́n pọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí èéfín lè ríbi jáde.

Ní ti chip, nRF52840 ti ilé-iṣẹ́ Nordic Semiconductor ní Norway ni kí o mú. ESP32 láti Ṣáínà náà ní Bluetooth, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, àmọ́ ó ń jẹ bátìrì jù fún ohun tí o fẹ́ máa gbé sínú báàgì láti Èbúté Èrò dé CMS. nRF52840 mọ oorun í sùn. Bí o bá dẹwọ́, iná tó ń mu kò tó nǹkan rárá, títí ìka rẹ yóò fi jí i. Ìwọ náà mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe wá ní àdúgbò yìí, o ò fẹ́ ohun tí yóò máa tọrọ ṣájà lójoojúmọ́.

Firmware ni ìtọ́ni tí a kọ sínú chip náà. ZMK ni mo yàn, ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, Bluetooth gan-an ni wọ́n sì fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wọ́n lè dárúkọ QMK fún ọ. Ó dára, ṣùgbọ́n onílé waya ni òun. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ZMK ni pé kì í jẹ dátà mi púpọ̀. Kọ fáìlì ìtò bọ́tìnì rẹ, gbé e sí GitHub, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tiwọn ni yóò sè é jinná tí yóò sì dá a padà fún ọ ní fáìlì .uf2. Tẹ bọ́tìnì rísẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, bọ́ọ̀dù á yọ lójú kọ̀ǹpútà bíi fláàṣì. Gbé fáìlì sínú rẹ̀, ó parí nìyẹn. Kíbọ́ọ̀dù náà lè rántí ẹ̀rọ márùn-ún, bíi fóònù, láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù, ti ilé. Bí ó bá kọ̀ láti so mọ́ fóònù tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, má ṣe sunkún bí mo ṣe sun. Jẹ́ kí fóònù gbàgbé kíbọ́ọ̀dù, kí o sì lo àṣẹ BT_CLR kí kíbọ́ọ̀dù náà gbàgbé fóònù. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbàgbé nínú àwọn méjèèjì, wọn ò ní rẹ́.

Wàyí o, ibi tí mo fẹ́ kí o fetí sí jù nìyí. Kíbọ́ọ̀dù kì í rán lẹ́tà. Nọ́ńbà ló ń rán. Tẹ A, nọ́ńbà 4 ló lọ. Tẹ E, nọ́ńbà 8 ló lọ. Kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́. Gbé kíbọ́ọ̀dù kan náà lọ sí Kútọnu, so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà ní ìlànà Faransé, A tí o tẹ̀ á di Q. Nítorí náà, má ṣe wá nọ́ńbà ẹ nínú firmware, kò sí níbẹ̀. Lójú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ ní ilé tirẹ̀, U+1EB9, ọ wà ní U+1ECD, ṣ wà ní U+1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò nílé. Ẹ ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì òkè, U+0301, lé e lórí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ́ fi ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú àwọn fọ́ǹtì kan nígbà tí é jókòó jẹ́ẹ́.

Nítorí náà, ìlànà kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ni kí o kọ́kọ́ fi sórí kọ̀ǹpútà. Windows ní tirẹ̀, iṣẹ́ YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ sì gbé tiwọn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí o wá ní kí firmware tẹ àwọn bọ́tìnì tó ń mú àmì wá fún ọ tẹ̀lé ara wọn, bí o bá tẹ ẹyọ kan ṣoṣo. Tèmi rèé: àtàǹpàkò òsì ni àmì dò, ti ọ̀tún ni àmì mí, re kò ní nǹkan kan. Bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́nu ni ọwọ́ mi ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará wa ti ronú sí i ṣáájú wa: ilé-iṣẹ́ Lagos Analysis Corporation ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin tó ní bọ́tìnì Shift mẹ́rin nítorí èdè wa, wọ́n sì gbé àjọ One Laptop per Child lọ sílé ẹjọ́ ní Èkó ní 2007 lórí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Mo máa ń rántí wọn bí mo bá ń to bọ́tìnì.

Bátìrì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Waya pupa àti dúdú tó wà lẹ́nu bátìrì lítíọ́ọ̀mù kì í wà níhà kan náà lọ́wọ́ gbogbo olùtajà. Mo gbà pé pupa á bá pupa, mo so ó mọ́ bọ́ọ̀dù tuntun, èéfín sì yọ lára rẹ̀. Fi mítà wọ̀n ọ́n kí o tó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù, nígbà gbogbo. Bátìrì tó bá ti wú, má ṣe fi í sílé mọ́jú. Má sì ṣe fi irin bo orí ibi tí áńténà wà, Bluetooth kò ní lágbára mọ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó ń fẹ́ wá síbí ń mú kí irin dípẹtà, nítorí náà, fi aṣọ bo kíbọ́ọ̀dù náà lálẹ́.

Wá lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ọjà. Dáyóòdù tó kù lọ́wọ́ mi ju 60 lọ, mítà náà wà ńlẹ̀. Orúkọ ààfin yẹn ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀.