Akínkanjú Gbọ́dọ̀ Mọ Ìsá

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń lépa ipò aṣáájú, mo ní ọ̀rọ̀ kan í bá yín sọ. Bí ènìyàn ṣe ń dé òkè ni wọ́n ń kọ́ yín kiri lónìí, ó sì dára kí ẹ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tó dé òkè tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ni yóò fara gbá. Ìtàn Donnie Cochran ni mo fẹ́ fi là á yé yín.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Cochran, ní agbègbè Pelham, ìpínlẹ̀ Georgia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní 1954, nígbà tí òfin ibẹ̀ ṣì ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò láàárín òyìnbó. Ó kàwé ní Savannah State, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó jáde ní 1976, ó sì wọṣẹ́ ológun ojú omi. Níbẹ̀ ló ti di awakọ̀ bàlúù ogun, irú èyí tó ń gbéra, tó sì ń balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi láàárín agbami. Ní 1985, wọ́n mú un sínú Blue Angels, ikọ̀ tí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1946 láti máa fi bàlúù dárà lójú òfuurufú fún ará ìlú wò. Ṣáájú rẹ̀, awakọ̀ aláwọ̀ dúdú kan ò dé ibẹ̀ rí. Ní oṣù kọkànlá 1994, lẹ́yìn tó ti kúrò níbẹ̀, ó padà wá, olórí ikọ̀ náà ni wọ́n fi í jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí irú olórí bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Bàlúù mẹ́rin ní í fò pọ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì kì í ju ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ lọ. Àwọn mẹ́ta tó kù kì í wo ilẹ̀. Bàlúù olórí ni wọ́n ń wò, ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́, ibi tó bá yà sí ni wọ́n ń yà sí. Kí wọ́n tó gbéra, wọn a jókòó yí tábìlì ká, wọn a dijú. Olórí a máa pe àrà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe pè é lókè, àwọn yòókù a sì máa mi ọwọ́ bí ẹni tó di ọ̀pá ìdarí bàlúù mú. Bí wọ́n bá balẹ̀, wọn a tún padà sídìí tábìlì. Kálukú a fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, olórí pẹ̀lú wọn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní oṣù kìíní 1982, bàlúù mẹ́rin ti Thunderbirds, ikọ̀ alárà ti àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà, ń ṣe ìdánrawò ní aṣálẹ̀ Nevada. Bàlúù olórí ń já bọ̀, kò lè gbé imú sókè lásìkò. Àwọn mẹ́ta tó kù tẹ̀ lé e délẹ̀, gbogbo wọn ló kú. Ọ̀jáfáfá ni wọ́n. Ibi tí olórí lọ ni wọ́n lọ.

Nígbà tí àṣìṣe wọ iṣẹ́ Cochran níbi ìfihàn kan ní oṣù kẹsàn-án 1995, kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó wọ́gi lé ìfihàn tó kàn, ó kó ikọ̀ rẹ̀ padà sí Pensacola, ibùdó wọn ní Florida, wọ́n tún ìdánrawò ṣe. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 1996 tó rí i pé iṣẹ́ òun kò tíì dé ojú ìwọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ipò náà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Ipò tí aláwọ̀ dúdú kan ò dé rí ni, ojú ayé sì wà lára rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá rọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n má baà sọ̀rọ̀. Cochran fi ipò sílẹ̀, àwọn tó ń fò tẹ̀ lé e sì wà láàyè. Oyè Captain ló fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹ sá fún iṣẹ́ tó le. Ìdánrawò ni ọkùnrin yìí kọ́kọ́ padà sí. Ìgbà tí ìyẹn ò tó ló tó sọ̀ kalẹ̀. Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ, aṣáájú tó bá sì bógun lọ kì í dá nìkan lọ. Dírébà tí oorun ń kùn lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó ní òun ò ní dúró, ṣé òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ ni?

Nítorí náà, ẹ kọ́ṣẹ́ yín dójú àmì. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń tẹ̀ lé yín lè sọ àṣìṣe yín sí yín létí. Ọjọ́ tí ẹ bá sì mọ̀ nínú ọkàn yín pé ọwọ́ yín ò ká a mọ́, ẹ má dúró de ẹni tí yóò lé yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e fún ẹni tó lè ṣe é.